Ìwé Abẹ́ Bẹ́ǹṣì

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti mú iná lọ, bàtìrì kọ̀ǹpútà mi sì ń lọ sílẹ̀. Kí n tètè kọ èyí kó tó kú.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni mo wà lónìí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀ ní ká bá òun ṣe áàpù tí yóò máa ka ọjà àti owó, torí ṣọ́ọ̀bù òun ti di mẹ́ta, ojú kan ò sì lè wà níbi mẹ́ta. A ṣe é, a gbowó, a jẹ ọ̀fadà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí màmá ti ń pè mí: iye aṣọ tó wà lórí fóònù kì í bá iye tó wà lórí pẹpẹ dọ́gba.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jókòó sí ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlewò tí mo ń tú kóòdù, àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, palẹ̀. Owó ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò lè kọ 0.1 sílẹ̀ gẹ́lẹ́, torí òdo àti oókan nìkan ló fi ń ka nǹkan. Ní kó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, nínú ọ̀pọ̀ èdè kóòdù, ohun tó máa fún ọ ni 0.30000000000000004. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi tọ́jú owó ní náírà oní-pọ́íǹtì. Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ, ní odidi: 4,500 náírà á wọlé bíi 450,000. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo rí i pé kóòdù mi ò ní àbùkù. Ìdùnnú òmùgọ̀ ni.

Lónìí mo fi kọ̀ǹpútà sílé, mo lọ gbé àpótí jókòó ti ọmọbìnrin tó ń bá màmá tajà. Wákàtí méjì ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ fi yé mi. Oníbàárà kan dé láti Ìbàdàn, ó ṣa ogún aṣọ, ó san owó aṣọ méjìlá, ó ní tí òun bá ta díẹ̀ òun á fi ìyókù ránṣẹ́. Wọ́n ṣàwàdà, ó di ẹrù, ó lọ. Ọmọbìnrin yìí ò fọwọ́ kan fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ká yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó kọ nǹkan sí i.

"Ṣé o ò ní tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ni?"

"Bọ̀dá, fóònù ò mọ àwìn."

Èmi ni mo kọ òfin yẹn: bí owó ò bá pé, ọjà ò gbọdọ̀ jáde. Nítorí náà, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà á ka owó tó wọlé, á ṣírò iye aṣọ tí owó ọ̀hún lè rà, ìyẹn ló máa tẹ̀. Aṣọ mẹ́jọ tó ti dé Ìbàdàn ṣì wà ní Ìtòkú lójú áàpù mi.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, mo bi màmá léèrè, ó sì ní òun kì í tàwìn. Mo rán wọn létí lónìí. Ẹ̀rín ni wọ́n rín: "Áà, ṣé ìyẹn làwìn? Oníbàárà mi ni!"

Wọn ò parọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwìn ni ti ẹni tí o ò mọ ilé rẹ̀. Èmi ló yẹ kó mọ̀. Ta ni kò gbọ́ nípa Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó ń gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde? Ọmọ ìyá ni aṣọ àti àwìn. Olówó ọjà nìkan ni mo bá jókòó, mo wá ṣe áàpù tí kò mọ̀ ju ohun tí olówó ọjà ń sọ fún àlejò lọ. Melvin Conway, ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ ọ́ láti 1968 pé bí àwọn tó ń ṣe ètò kan bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ètò náà yóò ṣe rí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà bí ẹni pé àwọn nìkan ló ń bá wí.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ọjà tó jáde á ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, owó tó wọlé á ní tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ni gbèsè. Ọmọbìnrin náà tún fi hàn mí pé oríṣi àdìrẹ mẹ́ta, ẹlẹ́kọ, oníko àti alábẹ́là, wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé òun. Nínú áàpù mi, "àdìrẹ" ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àdéhùn tí a fọwọ́ sí ò ní àwìn nínú, mo lè gbowó lé e. Mi ò ní gbà á. Ó dáa, bóyá n ó gba ti alábẹ́là.

Orí ọ̀kadà ni mo wà, a ti ń sún mọ́ Ìbarà, nígbà tí àyà mi já. Ọmọ tó kéré jù nínú wa ní ọ́fíìsì ti sọ ọ́ fún mi! Oṣù kejì tí áàpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni: "Ọ̀gá, gbogbo ọjà Ìtòkú ń wọlé láàárín aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́. Ṣé wọn kì í tajà lọ́sàn-án ni, sà?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjà ni kò dáa, pé kó yéé wo ohun tí mi ò rán an, kó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Mo rántí pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, "Mo ti ṣe é, sà" nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sì rò pé ọmọ ti ń dàgbà ni.

Mo dé ọ́fíìsì, mo pè é níwájú àwọn tó kù, mo ní òun ló rí i, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, kó má bínú. Ṣe ló dọ̀bálẹ̀, ìyẹn tún wá le fún mi ju. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó ṣí fáìlì kan. Nǹkan mọ́kànlá ló kọ síbẹ̀, ọjọ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta dá lórí iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún oníbàárà mìíràn lọ́jọ́ Ajé.

A ka mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti pe oníbàárà ọjọ́ Ajé pé kó fún wa di Ọjọ́rú. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Méje ló kù. Mo ní ká bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, n ó sì bá a ra àkàrà bọ̀.