Ẹ má dúró dè é mọ́

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kejìlá 2025

Gbólóhùn kan ni mo gbé délé láti àárọ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi, aago mọ́kànlá alẹ́ sì ti lù. "Ẹ má dúró dè é mọ́."

Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Àwọn bàbá méjì kan ló jókòó níwájú mi ní ilé físíò, àwọn méjèèjì dé fìlà Orioles, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Baltimore tiwa, wọ́n ń jiyàn lórí bullpen ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó máa ń wọlé lẹ́yìn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré. Èyí tó sanra nínú wọn ló sọ ọ́. Ó ní Bautista, ajùbọ́ọ̀lù tó ń bá wa parí eré, ti lọ nìyẹn. Ìgúnpá lọ́dún 2023, èjìká lọ́dún yìí, kí ni wọ́n tún ń wò? "Ẹ má dúró dè é mọ́. Ẹ ra ẹlòmíì." Kò pariwo, kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé bàtà kan ti já. Èmi náà wà níbẹ̀, yìnyín wà lórí èjìká ọ̀tún mi, mo ń wo ilẹ̀.

Iyàn ọ̀hún dùn, n kò ní purọ́. Bàbá kejì, èyí tí fìlà tiẹ̀ ti ṣá, owó Helsley, ajùbọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ló ń dùn ún: mílíọ̀nù 28 dọ́là fún ọdún méjì. Ó ní ṣebí ojú gbogbo wa ló ṣe nígbà tí St. Louis tà á fún New York lóṣù Keje tí wọ́n sì ń lù ú ní àlùbolẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó sanra ní ọkùnrin yìí kan náà ló parí eré 49 lọ́dún 2024 láìjẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ṣe tó o lọ́dún náà. Fìlà ṣíṣá dá a lóhùn pé Kimbrel náà ní orúkọ kó tó wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí i. Mílíọ̀nù 13 ni wọ́n fún Kimbrel kó bá wa di àyè Bautista mú lọ́dún 2024, eré ọdún náà kò sì tíì parí tí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Àmọ́ bullpen kọ́ ló lé wa jáde nínú ìdíje ìparí ọdún náà. Fìlà ṣíṣá ló rán wa létí. Eré méjì pẹ̀lú Kansas City, run kan ṣoṣo, ìyẹn àmì ayò kan, la rí nínú méjèèjì. Burnes, ajùbọ́ọ̀lù wa, ju bọ́ọ̀lù fún inning mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tí eré ní, run kan péré ló gbà wọlé, a sì pàdánù 1 sí 0. Ìdí nìyẹn tí inú òun fi dùn sí Alonso, alùbọ́ọ̀lù tí a gbọ́ ní Ọjọ́rú pé wọ́n rà, mílíọ̀nù 155 fún ọdún márùn-ún. Lórí ìyẹn, ẹnu àwọn méjèèjì kò.

Èmi náà fara mọ́ ọn. Kódà mo fara mọ́ ti Helsley. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde, èmi ni mo pe Tóbi ọmọ mi tí mo sọ fún un pé inning kẹsàn-án kì í ṣe ibi tí èèyàn ti í jókòó retí ẹni tí kò tíì lè gbé apá. Lóṣù Keje, tà ni à ń ta àwọn ajùbọ́ọ̀lù bullpen wa. Baker lọ, Soto lọ, Kittredge lọ. Domínguez tilẹ̀ lọ láàárín eré méjì ọjọ́ kan náà, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá tiwa, ó gba ọ̀dọ̀ Toronto tí a ń bá ṣeré lọ́wọ́. Eré 75 la gbà lọ́dún yìí, 87 la pàdánù. Ẹni tó bá rí ìyẹn tí kò wá ẹni tí yóò parí eré, kò fẹ́ ẹgbẹ́ náà rere. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn fi wọ̀ mí lára?

Bóyá nítorí ohùn tó fi sọ ọ́. Tàbí nítorí ọjọ́ yẹn ní oṣù Kẹjọ 2023, èmi àti Tóbi wà ní Camden Yards, pápá àwọn Orioles, lókè lọ́hùn-ún níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Iná á ṣókùnkùn, súfèé kan á dún, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bọ̀ láti òpin àdúgbò lóru. Gbogbo pápá á dìde. Bautista, ọkùnrin gíga náà tí wọ́n ń pè ní Òkè, á sì máa sáré bọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn Colorado la ń bá ta á. Ó ju bọ́ọ̀lù kan, a sì rí i pé wọ́n ń jáde lọ bá a. Tóbi di ọwọ́ mi mú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò di ọwọ́ mi mú láti kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní ìlà wa. Wọ́n mú un wọlé.

Ọdún 2024 lọ pátápátá. Ó padà lọ́dún yìí, súfèé tún dún, ó parí eré 19. Lẹ́yìn náà èjìká.

Àwọn tó mọ̀ nípa eré yìí sọ pé ìgúnpá sàn ju èjìká lọ. Láti 1974 ni dókítà Jobe ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìgúnpá fún Tommy John, ajùbọ́ọ̀lù kan, ọkùnrin náà padà wá gba eré 164 sí i kó tó fẹ̀yìn tì. Bradish, ajùbọ́ọ̀lù wa, náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ti padà. Àmọ́ Means, tó ti bá wa ju bọ́ọ̀lù rí, ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rodriguez, tí a yàn lọ́dún 2018, tí a tọ́ bí ọmọ, kò ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún wa ní gbogbo ọdún yìí. Lóṣù tó kọjá wọ́n fi í gba Ward lọ́wọ́ àwọn Angels. Ward lu bọ́ọ̀lù 36 jáde kúrò ní pápá lọ́dún yìí, a nílò rẹ̀, mo mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Rodriguez. Wọn kò lè dúró dè é...

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún àwa tí à ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn ti fi ẹlòmíì sí àwọn alẹ́ mi, ó ní kí n má ronú, kí n tọ́jú ara mi. Kò sọ pé títí di ìgbà wo. Èmi náà kò bi í. Àwọn arúgbó yẹn kò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí n mọ̀ pé ó yẹ.

Ìyókù ọjọ́: òtútù, iṣu, epo mọ́tò.

Ìyá Tóbi rí i pé n kò jẹ oúnjẹ tán. "Bàbá Tóbi, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo sọ ohun tí bàbá yẹn wí nípa Bautista fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, òun tí kò bìkítà fún béèsìbọ́ọ̀lù. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ni?" Mo ní rárá, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé wọn. Ó ní, "Ẹ jẹun."

Tóbi náà pè láti ilé ìwé. "Daddy, ẹ kú alẹ́. Ẹ wo àdéhùn Helsley yẹn dáadáa. Ó lè lọ lẹ́yìn ọdún kan bó bá wù ú." Ohun tó ń sọ yé mi. Oṣù méjìlá ni wọ́n dá fún èjìká Bautista láti oṣù Kẹjọ, ọdún kan yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí Helsley bá ṣe dáadáa, wọ́n á fẹ́ kó dúró ni. Bí kò bá sì ṣe dáadáa, àwa la máa jìyà rẹ̀. N kò mọ èyí tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kó ṣe dáadáa. Mo fẹ́ gbọ́ súfèé yẹn.

Mo ti fi ìka gun ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́ yìí bí físíò ṣe ní kí n máa ṣe. Ìyá Tóbi ti fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí mo dé lọ́jọ́ Ajé. N kò dé ibẹ̀ lónìí. Ó kù bí ìbú ìka kan.

Ohun kan wà tí n kò fiyè sí títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí wọ́n pe bàbá tó sanra yẹn wọlé, èyí tó sọ ọ̀rọ̀ náà, kò lè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fìlà ṣíṣá ló dìde, ó bá a fa apá òsì jáde, jẹ́jẹ́, ó ká jákẹ́ẹ̀tì náà sórí àga, ó sì jókòó tì í títí èkejì fi jáde.