2.8V ara stepper tó tàn mí jẹ

Iṣẹ́ kí n máa gbẹ́ orúkọ sára pákó fún ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé ni mò ń ṣe, ní Òkèsà níbí, ní Iléṣà. Ọwọ́ ni mo fi ń gbẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo kó mọ́tò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní stepper jọ, mo ní n ó kan ẹ̀rọ tí yóò máa bá mi gbẹ́ ẹ.

Ẹni tí kò bá mọ stepper, kì í yí fìrìrì bíi fáànù o. Ó ń ṣísẹ̀ ni. Ìṣísẹ̀ 200 ni tèmi ń gbé kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. NEMA 17 ni, ìwọ̀n ojú rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì kọ 2.8V àti 1.7A sára rẹ̀.

2.8V yẹn ló kó bá mi. Mo wá power supply tó ń gbé 2.8V jáde títí, n kò rí. Nígbà tó sú mi, mo gbé 12V tí mo fi ń tan iná LED sáìnì-bọ́ọ̀dù, mo so ó mọ́ wáyà méjì lára stepper tààrà. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba ṣọ́ọ̀bù, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí wáyà rẹ̀ ń jó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ fi 1.7 pín 2.8, ó lé díẹ̀ ní 1.6 ohm, ìyẹn bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dá iná dúró tó. Ẹ wá fi 12V lu ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ó lé ní 7A! Ẹni tó ní 1.7A ti yó òun ni mo ń ki oúnjẹ bọ̀ lẹ́nu.

Kọ́rẹ́ǹtì yẹn, tí a ń fi A kọ, gan-an ni ká dì mú. Driver, pátákó kékeré tó wà láàárín power supply àti stepper, ló ń ṣọ́ ọ. A4988 ni mo rà. Bí ẹni tó dúró ti ẹnu ẹ̀rọ omi ló ń ṣe: tí kẹ́ẹ̀gì bá ti kún dé ibi tí ẹ ní kó dé, á tì í; tó bá fà díẹ̀, á tún ṣí i, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú rẹ̀, 12V kò lè jó stepper mọ́. Tẹ́sítà kékeré la fi ń yí ojú rẹ̀, ká sì fi mítà wo Vref, fólítéèjì kékeré tó ń sọ iye kọ́rẹ́ǹtì tí driver yóò gbà láàyè. Tí resistor kékeré tó fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì bá jẹ́ R100 (0.1 ohm), 0.8V dúró fún 1A. Tó bá jẹ́ R050 (0.05 ohm), 0.4V ni. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó yí i, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Iṣẹ́ wá dé. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ILÉ Ẹ̀KỌ́. Bí ẹ̀rọ bá ń rọra lọ, ó ń gbẹ́ ẹ geerege. Àmọ́ nígbà tó gbẹ́ K tán, tó sáré padà sábẹ́ Ẹ láti fi àmì rẹ̀ sí i, ó pàdánù ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan. Àmì tó yẹ kó wà lábẹ́ Ẹ lọ bọ́ sábẹ́ K.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ wa ní, “Kọ́rẹ́ǹtì ni ò tó o, ọmọ mi. Yí i sókè.” Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo yí i. Driver gbóná débi pé ó ń pa ara rẹ̀, stepper sì lóṣòó bí Òṣómàáló tó wá gbowó, kò kúrò lójú kan.

Fólítéèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Wáyà tí wọ́n wé sínú stepper kì í gba kọ́rẹ́ǹtì lójijì, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ìṣísẹ̀ bá yá jù, kò tíì dé 1A tí mo kọ́kọ́ yí driver sí kó tó ní kó yí padà. 12V ń tì í pẹ̀lẹ́, 24V ń tì í tó ìlọ́po méjì. Mo dá kọ́rẹ́ǹtì padà sí 1A, mo gbé 24V sí i, àmì Ẹ lọ sílé rẹ̀.

Ẹ má wá ṣe bí mo ṣe ṣe nídìí power supply. Mo sọ 1.7A di ìlọ́po méjì torí wáyà méjì tí wọ́n wé sínú stepper kọ̀ọ̀kan, mo tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta torí stepper mẹ́ta, mo ní ó di 10A, mo sì fẹ́ẹ́ náwó tí kò yẹ. Driver ń ṣẹ́ṣéńjì ni: díẹ̀ ló ń gbà nínú 24V, ó sì ń fún stepper ní púpọ̀ lórí fólítéèjì kékeré. Ní 1A, tí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́, wọn kò gba ju bíi 10W lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrìn ló ń fi kún un. 24V 5A tó fún wọn, ó tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ 35V tí A4988 mọ, torí stepper tó ń dúró lójijì máa ń ti iná padà sẹ́yìn.

Ẹ má sì yọ wáyà stepper nígbà tí iná ṣì wà lára driver. Èyí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ti kú, agolo mílíìkì ló wà báyìí. Pákó tí àmì rẹ̀ bọ́ sábẹ́ K ṣì wà lára ògiri, àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ a sì máa bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, lẹ́tà wo nìyí?”