Àyẹ̀wò Ọdún: Sítáàṣì Kò Ṣẹ̀, Òróró Ló Ń Ba Ìṣirò Jẹ́

Ẹ kú òpin ọdún o. Bí ọdún ṣe ń kógbá sílé yìí, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ onísítáàṣì (bíi pọ̀tétò, ìrẹsì, ẹ̀wà àti óòtì) láìsí ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti òróró á máa gun òṣùwọ̀n, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé èwo ló ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́. Tèmi nìyí. N kò ní ka iye kílò tó lọ. Ohun tó ń lé kílò lọ, àti ohun tó ń dá a padà, ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló ṣeé mú wọ ọdún tuntun.

Ìṣirò ló ṣáájú. 100 gíráàmù pọ̀tétò bíbọ̀ ní nǹkan bíi kálórì 87. Ìrẹsì jíjinná tó wọn bẹ́ẹ̀ ní 130, ẹ̀wà jíjinná náà kò jìnnà sí i, óòtì tí a fi omi sè ní bíi 70. Kùkúḿbà, tòmátò, kábéèjì àti ewébẹ̀ kì í sábà ju 15 sí 30 lọ. Òróró ńkọ́? 884. Ṣíbí ìjẹun kan péré, gíráàmù 14, ti gbé kálórì 120 wọlé, ìyẹn iye tó wà nínú pọ̀tétò bíbọ̀ tó tó 140 gíráàmù. Pọ̀tétò yẹn á gba àyè nínú ikùn, ẹni tó jẹ ẹ́ á sì mọ̀ pé òun jẹun. Òróró kò gba àyè kankan. Ó kàn wọ inú ọbẹ̀ lọ ni, ebi tó ń pani ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe àròsọ. Ní 1995, Susanna Holt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney fún àwọn èèyàn ní oríṣi oúnjẹ 38, tí agbára inú wọn dọ́gba, wọ́n sì wo èyí tó ń yóni jù. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun ṣe 100. Pọ̀tétò bíbọ̀ gba 323, òun ló ga jù lọ. Croissant, búrẹ́dì kan tó kún fún bọ́tà, gba 47, òun ló kéré jù. Ní 2021, Kevin Hall àti ikọ̀ rẹ̀ ní National Institutes of Health, Amẹ́ríkà, dá èèyàn 20 dúró sí ilé ìwádìí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ ewéko tí nǹkan bí ìdá 10 péré nínú 100 kálórì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn jẹ́ ti oúnjẹ ẹran tó kún fún ọ̀rá. Kí oníkálukú jẹ títí á fi yó ni àdéhùn. Nígbà tí wọ́n wà lórí ti ewéko, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 689 lóòjọ́ jẹ kéré sí ti ọlọ́ràá, ebi kò sì pa wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ga sókè jù lẹ́yìn oúnjẹ lórí ti ewéko o. Kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́. Ìwádìí tó pẹ́ jù nínú wọn ni ti Gisborne, ní New Zealand, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017: wọn kò wọn oúnjẹ, wọn kò fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe eré ìdárayá, ọ̀rá wà láàárín ìdá 7 sí 15, wọ́n sì ń lo fítámì B12. Lẹ́yìn oṣù 12, ìwọ̀n ara àwọn tó wà lórí ètò náà ti fi kílò 11.5 dín kù ní ìpíndọ́gba.

Àwọn kan á ní sítáàṣì ló ń di ọ̀rá lára. Ara lè sọ ọ́ di ọ̀rá lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ yẹn náwó: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára inú rẹ̀ ló máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Kó tó di pé ara dáwọ́ lé e, á kọ́kọ́ kó sítáàṣì pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, á sì máa jó púpọ̀ sí i. Ọ̀rá tí a jẹ ní tirẹ̀ ń wọlé síbi ìpamọ́ tààrà, ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tan ara rẹ̀ jẹ. Bí sítáàṣì bá pọ̀ lára, òun ni ara á máa jó, ọ̀rá tó bá a wọlé á sì jókòó síbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí pọ̀tétò díndín fi jẹ́ ọ̀tá ètò yìí ju pọ̀tétò tàbí òróró lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 100 gíráàmù rẹ̀ ti kọjá kálórì 300.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Òróró tí a rọ sínú ìkòkò rọrùn láti fi sílẹ̀, èyí tó fara pamọ́ ló ṣòro. Ó wà nínú búrẹ́dì, nínú ọbẹ̀ inú ìgò, nínú bisikíìtì tí wọ́n kọ vegan (pé kò sí ohun tó ti ara ẹran wá nínú rẹ̀) gàdàgbà sí lára, nínú wàràkàṣì aláìníwàrà tí wọ́n fi òróró àgbọn ṣe. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ wo ẹ̀yìn: gíráàmù ọ̀rá lọ́nà 9, ẹ fi àpapọ̀ kálórì pín in. Bí ọ̀rá bá jẹ́ gíráàmù 3, tí kálórì jẹ́ 110, 27 nínú 110 nìyẹn, nǹkan bí ìdá 25 nínú 100. Ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ìdá 15 ni mo fi ṣe òpin, torí óòtì lásán náà ti súnmọ́ ibẹ̀. Òróró fífọ́n inú agolo ló sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù: ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí wọ́n kọ 0 bí ọ̀rá inú ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan bá kéré sí ìlàjì gíráàmù. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì lè jẹ́ fífọ́n fún ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti lo ogún ìwọ̀n, òróró gidi sì ni.

Lẹ́yìn òróró, oúnjẹ gbígbẹ ló kàn. Nínú 100 gíráàmù, búrẹ́dì ní bíi kálórì 265, dàbínò gbígbẹ 280, gúgúrú tí a kò fi òróró yan ń lọ sí 380. Omi tó yẹ kó wà nínú wọn ló ti lọ, omi tí a sì mu tẹ̀ lé e kì í ṣe iṣẹ́ omi tó wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀, torí kì í pẹ́ nínú ikùn. Ẹ̀pà náà ńkọ́? Ẹ̀kúnwọ́ kan, gíráàmù 30, ti tó 170. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jò kò ráyè rẹ̀. Tófù náà, nǹkan bí ìlàjì kálórì rẹ̀ ni ọ̀rá.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí àṣìṣe rárá: jíjẹ sítáàṣì kéré jù. Ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ á jẹ àwo ewébẹ̀ tútù lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa wá ohun dídùn kiri. Ẹ jẹ 400 gíráàmù pọ̀tétò lẹ́ẹ̀kan, kálórì 350 péré ni. Ìlànà tí Dókítà John McDougall, tó di olóògbé ní 2024, fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fọn ṣì ni mo fara mọ́: ìdajì àwo sítáàṣì, ìdajì ewébẹ̀, kí a sì fi ọbẹ̀ olómi tàbí ewébẹ̀ tútù ṣáájú.

Nínú ilé ìdáná, àlùbọ́sà ló ń kọ́kọ́ dẹ́rù bani. Ẹ gbé ìkòkò gbígbẹ kaná tí kò le jù, ẹ da àlùbọ́sà gígé sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tí ibẹ̀ á di àwọ̀ búráùn. Ìgbà yẹn lẹ ó wá ta omi ṣíbí ìjẹun méjì sí i, ẹ ó fi ṣíbí igi ha ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ tún jẹ́ kó gbẹ, kó tún lẹ̀, kí ẹ tún ta omi sí i, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin. Àwọ̀ búráùn yẹn ni adùn. Ẹni tó bá da ife omi kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà á sè é ni, àlùbọ́sà á funfun, á sì máa rùn bí èyí tí kò jinná.

Fún pọ̀tétò yíyan, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 8 sí 10, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ dé ìkòkò, ẹ mì í títí ara rẹ̀ á fi rí wúruwùru. Tẹ́ ẹ sórí bébà ìyan, ẹ yan án ní 220°C fún bíi ìṣẹ́jú 35, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ìta á gbẹ kí inú tó rọ̀. Bí ẹ bá tò ó léra, ooru omi ara rẹ̀ á sè é, kò ní gbẹ láéláé.

Ẹ̀wà: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans gbọ́dọ̀ hó kutukutu fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, torí májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná jẹ́jẹ́ kò lè pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ inú lẹ́nu, ṣíbí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ má gba òṣùwọ̀n gbọ́ láàárọ̀ kan ṣoṣo. Oúnjẹ oníyọ̀ kan lè fi omi tó ju kílò kan lọ kún ara di ọjọ́ kejì. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ ni kí a fi wé ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀, kí a sì wọn ìbàdí ní ọ̀gangan ìdodo. Bí kílò bá dúró lójú kan fún oṣù kan, ara tó ti kéré ń jó agbára tó kéré ni: nǹkan bíi kálórì 20 sí 25 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó lọ. Kílò 10, 200 sí 250 nìyẹn, ìyẹn òróró ṣíbí méjì. Kí a tó dín oúnjẹ kù, kí a kọ́kọ́ wá ṣíbí méjì yẹn, lẹ́yìn náà kí a fi pọ̀tétò rọ́pò búrẹ́dì.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìwọ̀n oògùn á fi pọ̀ jù. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà, ewébẹ̀ púpọ̀ á yí iṣẹ́ oògùn rẹ̀ padà. Bí kílò tó ń lọ bá ju 1.5 lọ lọ́sẹ̀, ẹ dẹwọ́ díẹ̀: òkúta lè dá sínú àpò òróòro. Ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tọ́jú.

B12 kò sí nínú ewéko, spirulina, lúlú aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ, kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Máíkírógíráàmù 50 lójúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó tán. Fún ọ̀rá tí ara kò lè dá ṣe, ṣíbí ìjẹun kan irúgbìn flax lílọ̀ tó. Àìtó B12 ń fara pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, torí folate, fítámì mìíràn tó pọ̀ nínú ewébẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni pé ó péye nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ti ń bàjẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń jinni ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá ti ń jẹ báyìí ju ọdún kan lọ láìlo B12, kó fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ní oṣù kìíní.