Omi Òjò Ni, Ẹ̀gbọ́n

Bí ẹ bá rí mi níwájú mọ́tò tòkúnbọ̀, ẹ ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ìka kan péré ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn, gbá, gbá, bùù, màá sì fi hàn yín ibi tí wọ́n ti fi pútì pa á lójú dé. Torí náà, nígbà tí Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi tó ń ta ẹja yíyan, sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ apẹja àlòkù ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rín ni mo rín. Kí ló wà nínú ọkọ̀ tí kò tiẹ̀ ní táyà?

Ohun tó rò kò burú. Ọjà Olúwò ló ti ń ra ẹja, iye tí wọ́n bá sì ti dá lé e lòun náà ń san. Bí a bá ní ọkọ̀ tiwa, Bàbá Ìlàjẹ kan tó ti ń já ẹja fún un láti ọjọ́ pípẹ́ á máa fi pẹja, òun á sì máa rí ẹja rà ní gbàrà tó bá ti gúnlẹ̀. Bàbá yìí wà nílùú wọn lọ́sẹ̀ náà. Ó ránṣẹ́ pé ká fara balẹ̀, pé bí òun bá dé lọ́jọ́ Àìkú, òun á bá wa yẹ ọkọ̀ wò. Èmi ni mo ní kò pọn dandan. Lọ́jọ́ Sátidé, nínú oṣù kìíní ọdún 2019, mo dá lọ.

Mi ò kúkú lọ lásán. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Àgbádárìgì, ti ta mí lólobó. Ó ní bí mo bá bá omi nínú ọkọ̀, kí n tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀, ọ̀sà ló ń wọlé, kí n sá. Bí kò bá níyọ̀, òjò ló rọ̀ sí i, kò séwu. Mo gbé ọgbọ́n yìí sápò bí ẹni tó gbé ìwé ẹ̀rí.

Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo ayé ti sán. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà ti ń dúró dè mí ní èbúté. Àti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń pè mí ní "Ẹ̀gbọ́n". Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ibẹ̀ ń yọ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ọkọ̀ onípákó ni, á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, wọ́n kùn ún ní búlúù láti imú dé ìdí, wọ́n wá fi ọ̀dà funfun kọ MA FOYA sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fọwọ́ kan lẹ́tà kan, ó kùn mí níka. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ilé mi ni mi ò bá gbà lọ, torí ọ̀dà tuntun lára ọjà àtijọ́, ó ní ohun tó ń bò. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé omi ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀, ó yẹ kí wọ́n máa kùn ún.

Mo béèrè irú igi tó jẹ́. Ó ní òpèpè ni. Mo mi orí bí ẹni tó mọ òpèpè yàtọ̀ sí ìrókò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án pẹ̀lú ìka, kó, kó, kó, lọ́tùn-ún, lósì, mo sì ń dẹ etí sí i. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ tó nìkan ni mo kàn, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè, níbi tí omi kì í dé.

Ti ẹ́ńjìnnì, mi ò gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí jẹ. Yamaha alágbára ẹṣin 15 ni. Mo fọwọ́ kàn án lórí kó tó fà á, kó má baà jẹ́ pé ó ti tàn án kí n tó dé. Ó tutù. Fífà kan péré, ó gbà. Omi sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, torí bí kò bá tọ̀, a jẹ́ pé omi kò yí i ká, yóò gbóná jóná. Èyí ń tọ̀ bí ọmọ ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìtẹ́dìí rẹ̀.

Ó kù omi tó wà nínú ọkọ̀. Kò pọ̀, kò ju kó bo ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mi ò tíì béèrè tí ó fi ní, "Omi òjò ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìka bọ inú omi náà, mo fi kan ahọ́n. Ó ń rùn bí ẹja, ó ń rùn bí bẹntiróò, ìpẹ́ ẹja kan sì lẹ̀ mọ́ mi létè. Àmọ́ iyọ̀? Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Mo dìde, mo nu ẹnu, mo ní, "Lóòótọ́, omi òjò ni." Ọkùnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó fèsì.

Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan wà nínú ọkọ̀, wọ́n gé ẹnu rẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ibi ìjókòó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ha pákó títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé, ọwọ́ sì ti ra etí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo ní ṣé ìyẹn náà wà nínú owó. Ó ní ẹ̀bùn ni, òun fi ṣe èènì fún mi. 450,000 náírà ló pè é. Mo ná an títí ó fi gbà 380,000. A tú ẹ́ńjìnnì, a gbé e sílé Bàbá Ìlàjẹ nítorí olè, a so ọkọ̀ mọ́ òpó, mo sì kọrí sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti Ìyá Ìbejì jọ lọ. Láti Èkó títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹnu mi ò dákẹ́. Mo ń sọ fún un pé Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá nígbà tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Ta ló bá wọn yẹ ọkọ̀ wò?"

A dé èbúté, mi ò rí búlúù. Okùn wà lára òpó, ó le tan-an. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ń léfòó jẹ́jẹ́. Imú ọkọ̀ nìkan ló yọ díẹ̀, bí imú ọ̀nì. Mo pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́n omi rẹ̀ láàárọ̀ ni? Ṣebí mo fún yín ní kẹ́ẹ̀gì."

Bàbá Ìlàjẹ ti dé. Ó kí wa, ó wo omi, ó wò mí, ó ní ṣé mi ò bá omi nínú rẹ̀ nígbà tí mò ń rà á ni. Mo ní mo bá a, ṣùgbọ́n omi òjò ni.

"Òjò? Nínú ọyẹ́ yìí?" Ìyá Ìbejì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí títí di ìgbà yẹn. Mo wá gbèjà ara mi, mo ní mo tọ́ ọ wò, kò níyọ̀. Ariwo tó sọ lẹ́nu àwọn apẹja yẹn, wọ́n lè gbọ́ ọ dé Ìkòròdú. Ẹnì kan jókòó sórí àwọ̀n rẹ̀, kò lè dìde. Bàbá ló ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, pé ọ̀sà tiwọn kì í ṣe ti Àgbádárìgì, pé omi odò Ọ̀ṣun ló ń já wọ ọ̀sà lápá ibẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ nínú. Obìnrin kan tó ń yan ẹja gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Ọ̀ṣun lẹ mu! Ìyá Ìbejì, ẹ múra o, ìbejì mìíràn ń bọ̀."

Ọkùnrin mẹ́jọ ló wọ́ ọ gòkè, mo sì san owó ọtí wọn. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ ká pákó tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí omi ti ń dúró lójoojúmọ́. Àtàǹpàkò wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ẹ̀kọ. Kò kan nǹkan kan pẹ̀lú ìka.

Mo ní ṣé a jẹ́ pé gbogbo owó yẹn ti wọgbó. Bàbá ní rárá, ẹ́ńjìnnì yẹn dáa, owó rẹ̀ ò jìnnà sí ohun tí mo san. "Ẹ́ńjìnnì lẹ rà. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe èènì."

A da ọkọ̀ náà dé sẹ́bàá èbúté, àwọn ọmọdé ń jókòó lé e. Òjò gidi dé ní oṣù kẹrin, ó sì fọ ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú yẹn kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí a lọ ra ẹja lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ìbejì dúró níwájú rẹ̀, ó yí orí ka ohun tó ṣẹ́ kù. FOYA ti lọ. MA nìkan ló kù.

Ó ní, "Ó kúkú sọ fún yín."