Ohun tí ọwọ́ mi kọ́ mi nípa ara mi

Bí ẹnìkan bá bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ara rẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó dín àlàyé kù. Ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń bá ara rẹ̀ sọ nínú ọkàn ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn tí ara bá ti fèsì sí nǹkan tán ló ń dé, yóò sì máa to ìdí tó dùn ún gbọ́ jọ fún ohun tí kò ṣojú rẹ̀.

Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mò ń ṣe ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ló là mí lójú sí i. Láfún la fi ń se ẹ̀kọ náà, a ó po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, a ó sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, kí aró má baà mú níbi tí ẹ̀kọ bá wà. Ọwọ́ tó bá fúyẹ́ a máa fa ìlà tó dọ́gba. Bí ọwọ́ bá wúwo, ẹ̀kọ a kó jọ sí ìparí ìlà. Bó bá gbẹ, a sán. Bí aṣọ bá wọ inú aró, aró a gba ibi tó sán yẹn wọlé, nígbà tí a bá sì ha ẹ̀kọ kúrò, a ó rí ìlà búlúù tín-ín-rín níbi tó yẹ kó funfun. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa gbé aṣọ sójú oòrùn, á sì bi mí pé, “Kí ló dùn ọ́ lánàá, ọmọ mi?” Ẹnu a yà mí, nítorí èmi fúnra mi kò tíì sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé nǹkan kan dùn mí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníṣòwò kan láti Èkó fẹ́ máa kó gbogbo aṣọ mi, bí mo bá lè fi páànù tí a gé ọnà sí lára ṣiṣẹ́ dípò ìyẹ́, kí iṣẹ́ lè yá. Mo jiyàn nínú ara mi títí. Ọ̀rọ̀ kan ní owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rèé. Òmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ parun. Méjèèjì ló mọ́gbọ́n dání. Mo wá pa àríyànjiyàn náà tì, mo ń ṣọ́ ara mi. Bí mo bá gbé páànù lé aṣọ, tí mo fi ẹ̀kọ kùn ún, èémí mi a máa lọ geere, èjìká mi a sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún, tí mo rí i pé oníṣòwò náà ni, eyín mi a wa pọ̀, ikùn mi a sì le kí n tó gbé e. Ara mi kò kọ páànù, kò sì kọ owó. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fọ̀rọ̀ gún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lára ló kọ̀, èyí tí n kò mẹ́nu bà rárá nínú gbogbo àríyànjiyàn mi. Mo gba iṣẹ́ páànù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì fi ọ̀wọ̀ dá tirẹ̀ padà.

Ní 1977, Richard Nisbett àti Timothy Wilson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, sọ nípa irú nǹkan báyìí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n to ìbọ̀sẹ̀ obìnrin mẹ́rin tí kò yàtọ̀ síra rárá sórí tábìlì, wọ́n ní kí àwọn èèyàn mú èyí tó dára jù. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá ni wọ́n mú jù, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ìdí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ náà wà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o. Ẹni tó bá ti ta aṣọ rí kò ní jiyàn èyí.

Russell Hurlburt, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá bíi tiwọn ní Yunifásítì Nevada ní Las Vegas, gba ọ̀nà mìíràn: ó fún àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré tó ń dún lójijì, kí wọ́n lè kọ ohun tó wà nínú wọn lásìkò náà gan-an sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí òun àti Christopher Heavey gbé jáde ní 2008 lórí akẹ́kọ̀ọ́ 30, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn àkókò náà ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ nínú ọkàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn yàtọ̀ síra gidigidi.

Ọ̀nà rẹ̀ ni mo yá lò. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín dún nígbà tí ọkàn yín kò sí níbẹ̀. Ẹ dúró, kí ẹ wo àgbọ̀n, èjìká, ikùn, bí ẹ ṣe ń mí àti ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ẹ má tíì sọ pé ìbínú ni tàbí ẹ̀rù ni, nítorí orúkọ tí a bá yára fún un a máa dí wa lójú sí ìyókù. Ara náà sì lè ṣini lọ́nà: ebi, àìsùn àti oòrùn ọ̀sán lè mú kí èèyàn kanra mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ìdí nìyí tí n kì í fi gba ẹ̀rí ọjọ́ kan. Bí àyà bá ń lù kìkì ṣáá tàbí tó ń dunni, ilé ìwòsàn ni ká gbà lọ.

Ẹ tún bi àwọn tí ẹ jọ ń gbé tàbí tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé irú èèyàn wo lẹ jẹ́, ìyìn tàbí ẹ̀gàn ni wọn yóò fi dáhùn; ẹ kúkú bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń rí yín ṣe tí inú yín bá fẹ́ bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní, “Màmá, ẹ máa ń fọwọ́ léraléra nígbà tí kò sí ìdọ̀tí kankan lọ́wọ́ yín.” Láti ìgbà náà, tí mo bá ti bá ara mi nídìí omi lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.