Ojú Ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Coventry

Nígbà tí mo wá sílé ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni àbúrò mi kọ́kọ́ bá mi sọ lẹ́yìn tí ó ti dọ̀bálẹ̀ kí mi, tí ó sì ti gba àpótí lọ́wọ́ mi. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí mo ń wà ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hàn mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ṣé ọkọ̀ tí ẹ ń wà nílùú òyìnbó nìyí?" Ọkọ̀ náà kò lẹ́wà lóòótọ́, mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ó dá a lójú pé gbogbo nǹkan ló rẹwà níbi tí mo wà, àti pé bí tèmi kò bá rẹwà, a jẹ́ pé èmi ni nǹkan kò ṣẹnuure fún.

Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ kò nílò kí n tún sọ fún un bí ọ̀nà ti rí tàbí iye tí epo dà. Ohun tí ojú mi ń wá láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú ni Píjò 504 bàbá wa, tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Ìjọ̀kà. Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 504 jáde, ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya ìrísí rẹ̀, nígbà tó sì di 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Iná iwájú rẹ̀ dà bí ojú àgbàlagbà tó ń fi ara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọra tẹ̀ wálẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fẹ̀, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ sì hàn kedere, débi pé tí bàbá mi bá ń ti Ọjà Ọba bọ̀, àwọn ènìyàn á ti máa kí i lójú ọ̀nà, òun náà á sì máa gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì láti dá wọn lóhùn.

Àwa a máa wo ojú ọkọ̀, a sì máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Volkswagen tó rí roboto ni à ń pè ní Ìjàpá. Camry kan wà tí iná rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òun la sọ ní Pencil Light. Accord tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2008 ni àwọn ènìyàn ń pè ní Evil Spirit, mo sì gbà pé ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa kó tó sọ ọ́. Ọmọ Ìlàrá-Mọ̀kín tí kò jìnnà sí wa ni Olóyè Michael Ade-Ojo, tó sọ orúkọ Toyota di ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ní Nàìjíríà. A kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lápá ibí yìí.

Coventry pàápàá kì í ṣe àjèjì sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Jaguar E-Type tó jáde ní 1961, ọkọ̀ gígùn tí ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu ẹja, tí mo rò pé ó wà lára ohun tó rẹwà jù tí ọwọ́ ènìyàn fi irin ṣe. Peugeot náà ní ilé-iṣẹ́ ní Ryton lẹ́bàá ìlú náà, tí iṣẹ́ fi dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní 2006. Mo lérò pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni n óò máa rí lójú ọ̀nà nígbà tí mo débẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, n óò sì máa wa ọkọ̀ láti ilé kan dé èkejì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí náà mo máa ń rí ojú ọkọ̀ ju bí mo ṣe ń rí ojú ènìyàn lọ. Gbogbo wọn ló fajúro. Iná wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹni tó ń bínú, ó sì funfun, ó mọ́lẹ̀ débi pé bí jíìpù kan bá pàdé mi nínú òkùnkùn, mo ní láti dẹ ẹsẹ̀ kí n má baà gun etí ọ̀nà. Ẹnu wọn ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Èyí tí BMW gbé jáde ní 2020, tí wọ́n ń pè ní 4 Series, ní ihò imú méjì tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ojú mi kò tíì mọ́ ọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ọkọ̀ oníná mànàmáná: wọn kò ní ẹ́ńjìnì tí ń sun epo, atẹ́gùn tí wọ́n nílò níwájú kò tó nǹkan, síbẹ̀ òmíràn nínú wọn gbé ẹnu ńlá kalẹ̀, ó sì fi ike dí i pa.

Mo béèrè ìdí, mo sì rí i pé àwọn kan lára rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Òfin ààbò ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ kí àyè wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin ẹ́ńjìnì, kí orí ẹni tí ọkọ̀ bá gbá má baà lọ sọ lu irin, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí iwájú ọkọ̀ ga. Ilẹ̀kùn nípọn nítorí ìjàǹbá láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí òfin tó ní kí ọkọ̀ máa fajúro. Mi ò sì rí èyí tó ní kí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ eérú, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹn ló ń ṣáájú nínú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Bìrìtéènì lọ́dọọdún láti 2018. Nínú wọn, wọ́n ti kó bọ́tìnnì kúrò, wọ́n fi gíláàsì fífọwọ́kàn bíi ti fóònù rọ́pò rẹ̀, tí awakọ̀ yóò gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà kó tó lè dín ooru kù. Euro NCAP tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò pàápàá ti sọ pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ márùn-ún gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún nǹkan bíi tíráfíkétọ̀, wáípà àti fèrè.

Ọjọ́ tí mo ra ọkọ̀ mi ni mo mọ bí mo ṣe jìnnà sílé tó. Ní Àkúrẹ́, wọn ì bá gbàdúrà sí i, àwọn aládùúgbò ì bá ní àfi kí a fọ ọkọ̀ náà, màmá mi ì bá sì fi ọwọ́ kàn án pé ọkọ̀ ayọ̀ ni yóò jẹ́. Ní Coventry, mo sanwó, mo yí orúkọ padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó wọlé lọ. Mo gbàdúrà fúnra mi nínú ọkọ̀ kí n tó tan iná sí i. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí èmi àti aládùúgbò mi ti ń gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wa, kò sì tíì sọ ohunkóhun rí nípa ọkọ̀ mi tàbí nípa èmi. Fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ ga, gíláàsì rẹ̀ dúdú, mi ò mọ̀ bóyá ó ń wò mí nígbà tí mo bá juwọ́ sí i.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ pé mo lọ, mo sì sọ èyí fún àbúrò mi. Lọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ni yóò máa lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT. Bí ìjánu kò bá mú, tàbí táyà ti pá, kò ní yege. Inú Píjò 504 ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa kú sí lójú ọ̀nà Iléṣà. Ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, kò sì sí bẹ́líìtì níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ojú 504 ju ojú ọkọ̀ èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń gbé ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé, inú ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yẹn ni mo fẹ́ kó wà.

Àbúrò mi kò gbà. Ó tún ṣí fóònù, ó fi Cybertruck hàn mí, èyí tí Tesla kọ́kọ́ fi han aráyé ní 2019, tó rí bí ohun tí ọmọdé fi rúlà fà. Ó ní òun ni ọkọ̀ tó yẹ ọmọ ìlú òyìnbó, ó ní bí kò bá sí, kí n fi jíìpù ránṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní Bìrìtéènì wà, kò sì bá ọ̀nà wa mu mọ́ láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó dákẹ́, kò sì dùn mọ́ ọn.

Owó tí mo ti tọ́jú fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo kó fún panẹbítà kan, pé kó jó ibi tó ti dípẹtà lára Píjò bàbá wa, kó sì kùn ún padà sí àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Bàbá mi gbé àga tì í títí wọ́n fi ṣe tán. Mo ní kí wọ́n fi bẹ́líìtì sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dè é mọ́ irin.