Bébà Tí Mo Fi Kúbùsù Wé Lọ Sínú Oòrùn

Ẹ bá mi dákẹ́ ẹ̀rín ná. Orí tí mo fi gbá síńkì kò tíì rọlẹ̀.

Páálí bébà fọ́tò àtijọ́ kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò dúdú-òun-funfun nínú yàrá òkùnkùn. Ó ti kọjá ọjọ́ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé inú òkùnkùn nìkan ni kí a ti ṣí i. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí: ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí, òfin ni lójú tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe kò sì le rárá. Ewé ni a ó tẹ́ lé bébà, a ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ó gbé e sí oòrùn. Kò sí kámẹ́rà, kò sí iná. Iyọ̀ fàdákà tó wà lójú bébà yẹn ni oòrùn yóò máa sọ di fàdákà pọ́ńbélé: ibi tí oòrùn bà á dúdú, ibi tí ewé bò mọ́. Àwọ̀ àlùkò àti pińkì tún máa ń yọ lára rẹ̀, tí ẹ ò ní gbà pé bébà dúdú-òun-funfun ni.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n orí mi. Mo wọ balùwẹ̀, mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo fi tówẹ́ẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Mo fi ọṣẹ dí i! Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn, èmi àti onítọ̀hún ni. Inú òkùnkùn birimùbirimù yẹn ni mo ti fi orí gbá síńkì. N kò tilẹ̀ lè pariwo. Wúyẹ́wúyẹ́ ni mo fi ké "yéè", àfi bíi pé ìmọ́lẹ̀ létí. Mo to ewé, mo fi gíláàsì bò ó, mo fi kúbùsù wé gbogbo rẹ̀ bí ọmọ tuntun, mo wá rọra gbé e jáde síta. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo ṣí kúbùsù kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. "Kí lò ń fi í pamọ́ fún láti àárọ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n wojú sánmà, wọ́n wò mí. "Èyí wá ńkọ́?"

Àṣé ẹni tó fẹ́ fi kẹ́míkà fọ fọ́tò ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ yẹn fún. Ká kàn ṣe é níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀, ká sì tètè pa páálí dé nítorí àwọn tó kù, ó tó. Ọṣẹ ṣì wà nínú ihò kọ́kọ́rọ́ náà o.

Ká tiẹ̀ ní àwòrán náà dára ni! Ewé mi kún fún omi. Ooru mú omi náà jáde sábẹ́ gíláàsì, ojú bébà rọ̀, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí mo ṣe ní kí n ṣí i, ìdajì àwòrán bá gíláàsì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún àwọn ní bébà kan níbẹ̀. Wọn ò wá igi kankan lọ. Ọwọ́ wọn ni wọ́n tẹ́ lé e, wọ́n jókòó sí oòrùn láìmira, eṣinṣin bà wọ́n nímú, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò, ìka márààrún mọ́ kedere láàárín àwọ̀ àlùkò. Ó dùn mí wọra.

Mo ní ká tètè rì í sínú háípò, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí àwòrán dúdú mọ́, nítorí iyọ̀ fàdákà tí oòrùn ò tíì bà yóò máa dúdú lọ ni. Wọ́n bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Mo ní yóò ṣá díẹ̀. "Háà! O ń jowú ọwọ́ mi."

Mo sọ ti Thomas Wedgwood fún wọn, ará England tó fi oòrùn gba àwòrán ewé láyé ọjọ́un. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Humphry Davy, gbé ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1802, wọn ò tíì rí ohun tí yóò dá dúdú rẹ̀ dúró. Iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń yọ́ ọ wò. Ó di 1839 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, John Herschel, tó fi háípò yanjú ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣé Wedgwood yẹn ní ọwọ́ bíi tèmi ni?"

Ni wọ́n bá gbé e ti ojú fèrèsé, níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i. Àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fa àlejò sún mọ́ ọn sí i: "Ẹ fara balẹ̀ wò ó, ọwọ́ mi wà níbẹ̀." Oníkálukú á ṣẹ́jú, á ní òun ti rí i.

Àfi èyí tó dé kẹ́yìn, ọmọlúàbí ènìyàn. Ó gba bébà náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òru lẹ yà á, àbí?"